Ṣé Iṣẹ́ Àtijọ́ Ló Dára Jù? Ọ̀rọ̀ lórí Ilé, Ọkọ̀ Ojú Omi àti Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo yọ àwọn àwàdà kan kúrò, mo sì fi ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un ní ìparí.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀gá bírìkìlà, ọ̀gá káfíńtà, ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o, ọwọ́ yín á máa ròkè. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ súnmọ́ bí, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa. Bàbá kan á fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ìrókò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, á ní, "Wọn kì í ṣe irú ẹ̀ mọ́." Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Peugeot 504, á ní, "Wọn kì í ṣe irú ẹ̀ mọ́." Ẹni tó wọ ọkọ̀ fáíbà lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, tí ìgbì ń gbá ìdí ọkọ̀ náà pàá-pàá, ohun kan náà ni yóò sọ. Alága ní kí n wá sọ bóyá òótọ́ ni.

Èsì mi rèé, kí oorun tó gbé ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn baba wa kò ní ìṣirò tí wọ́n fi lè mọ bó ṣe yẹ kí ògiri nípọn tó kó tó lè ru òrùlé. Nítorí náà, wọ́n ń fi kún un. Ìnípọn ni wọ́n fi ń bo ohun tí ojú wọn kò tó. Àwa ti mọ ìṣirò ọ̀hún, a sì ti gé àfikún náà kúrò. Kò burú, ó dín owó kù, ó dín ẹrù kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àfikún ti lọ, kò sí nǹkan kan mọ́ tí èèyàn lè jí nínú iṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bàbá tó mọ ògiri ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lè ṣe àṣìṣe díẹ̀, ilé á ṣì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, àṣìṣe yẹn kò sí fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, torí Ifẹ̀ la wà. Gbogbo wa la mọ ilẹ̀ àpáàdì. Ìtàn tí a gbọ́ nílé ni pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà kí ẹrẹ̀ má baà kan ẹsẹ̀ òun. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi ọjọ́ orí púpọ̀ nínú wọn sí nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Bí òjò bá wẹ ọ̀kan jáde nítòsí yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Wọn kò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí a ṣe ń tẹ́ táìsì. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé àpáàdì kọ̀ọ̀kan dúró lé, wọ́n fún wọn mọ́ra, wọ́n sì tò wọ́n ní ìlà-ìlà tó dagun síra wọn bí egungun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ pààlà sí i. Àpáàdì tí a bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ọjọ́ tí ẹlẹ́rù bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò fọ́. Èyí tó dúró lórí ẹ̀gbẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ há a lọ́tùn-ún lósì, kò ríbi ṣẹ́ sí. Ohun èlò yẹn kò níye lórí o. Ìkòkò fífọ́ ni, ohun tí ìyá àgbà dà sí ààtàn. Bí wọ́n ṣe tò ó ló jẹ́ kó dúró de àwa tí a wà láyé lónìí.

Ó dáa. Àwọn ilé tó wà lẹ́bàá àpáàdì yẹn dà? Ṣebí àwọn èèyàn kan náà ló mọ wọ́n, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà, ní ìgbà kan náà. Wọ́n ti lọ. Òjò ti sọ amọ̀ wọn di ilẹ̀ padà, iṣu ni wọ́n ń gbìn sórí òmíràn. Ohun tó kù ni a ń rí, òun la wá fi ń yin gbogbo ará ìgbà náà. Ẹ rántí èyí nígbàkigbà tí ẹnì kan bá nàka sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Ìrèmọ tàbí ní Mọ̀ọ́rè, tó ní iṣẹ́ àtijọ́ kì í bàjẹ́. Àwọn ìyókù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà ti wó kí wọ́n tó bí ẹni tó ń nàka.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú ilé amọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ọ́n. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un, wọ́n á mọ ìpele kan yí ilé po, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ìpele ìsàlẹ̀ á bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí páànù tó dé, ewé gbọ̀dọ̀gí la fi ń bo ilé ní ìhà tiwa, kì í sì í pẹ́ kó tó tún bíbò, bẹ́ẹ̀ ni iná fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ògiri nípọn, inú ilé tutù, kò sẹ́ni tó ń wá fáànù. Mo yin ìyẹn, mo tún un yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹni tó ń rẹ́ ògiri náà. Àwọn obìnrin ilé ni, wọ́n á rẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn á dé, wọ́n á tún un rẹ́. Ọmọkùnrin ilé ló ń gun òrùlé lọ dí ibi tó ń jò. Iṣẹ́ ìtọ́jú yẹn kò sí nínú ìṣirò ẹni tó ń sọ pé ilé bàbá òun kò náni ní kọ́bọ̀ láti ọdún yìí wá. Ẹ fi ilé amọ̀ sílẹ̀ láìsí olùgbé, kí páànù kan ṣí lórí rẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn òjò ọdún mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí n bú àwọn ọ̀rẹ́ mi bírìkìlà díẹ̀ níbí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tí sìmẹ́ǹtì kò wá jẹ́ ohun tí à ń dúró dè láti òkè òkun nìkan mọ́, gbogbo ẹni tó ní ilé amọ̀ ló fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè dà bí ilé òyìnbó. Amọ̀ a máa wú bí omi bá kàn án, a sì máa sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a ṣe é. Ni sìmẹ́ǹtì bá sán, omi gba ojú sísán wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ó jókòó sẹ́yìn ibẹ̀ ó ń jẹ ògiri. Ọ̀pọ̀ ilé tí a ní ọjọ́ ogbó ló pa á, sìmẹ́ǹtì tí a fi ṣe é lóge ló pa á.

Ní òdìkejì ìlú, ẹ gba Ọ̀nà Ẹdẹ wọ inú Yunifásítì. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà náà, wọ́n sì kó láti Ìbàdàn wá síbẹ̀ ní 1967. Ẹ wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àjà òkè wọn yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ilé náà wá ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Àjà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìbòòji fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, òjò kì í fọ́n wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn ń kọjá. Kọnkéré ni, irin ni, ìṣirò ni láti òkè délẹ̀. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ, àwọn ọmọ ṣì ń kàwé nínú rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé kọnkéré kì í pẹ́.

Kí ló wá dé tí ilé tí a kọ́ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn fi ń sán? Ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ fi ha ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù. Èyí tó bá dáa, kọ́kọ́rọ́ á kàn fa ìlà sí i lára. Èyí tí wọ́n fi ojú kòkòrò ṣe, yanrìn á máa dà sílẹ̀ ṣààà. Ẹ gbé e sókè tó àyà, ẹ jù ú sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rọ̀. Bó bá fọ́ túútúú, ẹ má ra ìyókù. Ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò kan tó yẹ kó ṣe bí ọgbọ̀n búlọ́ọ̀kù oní-ín-ǹṣì-mẹ́sàn-án, àwọn kan ń nà án dé àádọ́ta. Wọ́n tún tò ó sínú oòrùn láìwọ́n omi sí i, torí oníbàárà ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Sìmẹ́ǹtì kì í gbẹ kó tó le o. Omi ló ń bá ṣiṣẹ́ tó fi ń le. Bí omi bá tán lára rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ibi tó dé náà ló dúró sí, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí láé. Ọjọ́ méje ni ó kéré tán tó yẹ ká fi máa wọ́n kọnkéré lómi, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn onímọ̀ tó ń díwọ̀n agbára rẹ̀. Mélòó nínú wa ló lè dúró tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọ pákó?

Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 2014, SON, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé ìrẹ́lé nìkan ni kí a máa lo èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára àpò fún, pé 42.5 ni ti búlọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn. Nọ́ńbà náà wà lára àpò gàdàgbà. Mo ti rí ẹni tó ń fi àpò ọ̀hún nu ọwọ́ tí kò kà á rí.

Ti irin wá burú jù, torí ojú kì í tètè rí i. Irin tí wọ́n pè ní 12, ẹ fi ohun ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ lè bá 10 níbẹ̀. Ẹ̀yin á ní kí ni mìlímítà méjì. Agbára irin wà ní ojú rẹ̀ tí a gé, bí a bá dín ìbú rẹ̀ kù láti 12 sí 10, ojú yẹn dín kù ní bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ìṣirò òpó náà ní irin mẹ́rin ló tó. Pẹ̀lú irin yẹn, kò tó mẹ́ta tí ẹ gbé sí i. Ẹ wá pò ó mọ́ kọnkéré tí wọ́n da omi sí kó lè tètè ṣàn, àti dẹ́kìn kan tí onílé fi kún un lẹ́yìn tí ìṣirò ti parí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, èèyàn tó lé ní ogójì ló bá a lọ. Mi ò tíì gbọ́ pé ilé amọ̀ wó, kó sì pa èèyàn ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé amọ̀ lágbára ju kọnkéré lọ. Kò sẹ́ni tó lè fi amọ̀ dé ibi gíga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí ọkọ̀ ojú omi, torí ìlú tó ń bọ Olókun ni wá, òkun sì jìnnà sí wa. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna ní ìpínlẹ̀ Yobe, ó bá ọkọ̀ kan nísàlẹ̀. Igi ọ̀gànwó ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, ó sì ti pé nǹkan bí 8,000 ọdún. Òun ni ọkọ̀ tó pẹ́ jù tí a tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹnì kan á ní, ẹ ò rí i, iṣẹ́ àtijọ́! Ẹrẹ̀ ló gbà á là. Ó rì sínú amọ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ kò dé, kòkòrò kò sì lè mí níbẹ̀ láti jẹ ẹ́. Ká ní orí omi ló wà ni, kò ní lo ogún ọdún. Ẹ bi àwọn apẹja Ìlàjẹ nípa kòkòrò inú omi iyọ̀ tó ń gbẹ́ ihò sínú igi. Ìdí nìyẹn tí inú wọn fi dùn nígbà tí fáíbà dé.

Fáíbà tún fi ohun tí mo ń sọ hàn. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ṣe ọkọ̀ lókè òkun ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn kò mọ bó ṣe lágbára tó, ni wọ́n bá ń tò ó léra bí ẹni ń ṣe pákó. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yẹn ṣì wà lójú omi. Nígbà tí wọ́n mọ ìṣirò rẹ̀, wọ́n mú un fẹ́lẹ́. Ọkọ̀ fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò dáadáa yá, kò sì wúwo. Èyí tí wọ́n kánjú tò, tí afẹ́fẹ́ há sáàárín, omi á wọ̀ ọ́, á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ibi tí búlọ́ọ̀kù wa ti ṣubú náà ni.

Mọ́tò ni ibi tí ẹ̀yin mẹkáníìkì yóò ti bá mi jà. Mo mọ 504 dáadáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa ní Kàdúná ní 1975, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Ìjàpá ní Èkó. Ojú ọ̀nà wa kò lè pa 504. Irin rẹ̀ nípọn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lẹ́tàn nínú, ọmọṣẹ́ ọdún kan lè tú kábúrétọ̀ rẹ̀ kó sì tò ó padà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí gbogbo ohun tó ń bèèrè. Ẹ ń yí kọ́ńtáàtì, ẹ ń fọ pọ́lọ́ọ̀gù, ẹ ń tún fáàfù ṣe. Òwúrọ̀ ọjọ́ tútù, àwọn ọmọ ilé á jáde wá tì í. Mọ́tò tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń rìn ju ìlọ́po méjì ìrìn rẹ̀ lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan pọ́lọ́ọ̀gù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a wọn epo, kì í sì í gbàgbé.

Ti ìnípọn irin yẹn wá. Ní 2009, àjọ kan tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútófò ń ná owó lé lórí ní Amẹ́ríkà gbé Chevrolet Bel Air ti 1959 kọlu Chevrolet Malibu ti 2009. Ìdá kan níwájú ni wọ́n fi kọlura, ní nǹkan bíi 64 kìlómítà ní wákàtí kan. Bel Air gùn, ó wúwo, irin rẹ̀ le. Inú rẹ̀ ni ó wó sí, ìdarí ọkọ̀ lọ bá àyà ọmọlangidi tó ń wà á, ẹni tó bá wà nípò rẹ̀ kò ní yè é. Ti Malibu, imú ọkọ̀ rún jégéjégé, ibi tí èèyàn jókòó dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ nìkan ni ọmọlangidi ọ̀hún ìbá fi ṣeṣe. Agbára ìkọlù gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Irin tí kò gbà láti rún, ara èèyàn ló ń gbé e fún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bọ́ńpà ọkọ̀ ìgbàlódé tó fọ́ nítorí ìkọlù kékeré, ẹ má tíì pè é ní iṣẹ́ jákujàku. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ wà láàyè.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbí kò ní gbàgbé ohun tí ojú wa rí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ láyé bọ́lẹ̀kájà tí káfíńtà fi pákó ṣe ara rẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ pọ̀ débi pé ní 1977 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni ní Yunifásítì wa níbí ló sì darí rẹ̀. Ọkọ̀ tó nípọn ni gbogbo ọkọ̀ ìgbà yẹn o.

Àbùkù wà lára tòní, mi ò bò ó. Ike kékeré kan á ṣẹ́, wọ́n á ní kí ẹ ra odidi nǹkan. Wáyà kan á já, mọ́tò á kọ̀ láti ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwa náà ńkọ́? Ọkọ̀ tókúnbọ̀ dé, ẹ̀rọ báàgì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti bẹ́ níbi tó ti ń bọ̀, dípò kí a fi òmíràn sí i, a yọ gílóòbù iná tó ń kìlọ̀ kúrò. Táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àmì roboto kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ lè dán gbinrin, inú rẹ̀ ti gbó. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ta irú táyà yẹn fún ọmọlọ́mọ kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Lẹ́yìn tí mo jókòó, bàbá kan dìde. Ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì amọ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ wà ní Ilódè, àwọn ọmọ òun ní kí òun wó o, kí àwọn fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Ó ní kí ni kí òun ṣe.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má tíì wó o. Ẹ kọ́kọ́ gun òkè lọ wo páànù, kí ẹ yí gbogbo èyí tó ti jẹ. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri yípo, bí omi òjò bá ń jókòó sí i, ẹ la gọ́tà gbé e lọ. Ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ń bó, ẹ ṣí i kúrò kí amọ̀ lè mí, kí ẹ wá fi amọ̀ tí ẹ da iyanrìn díẹ̀ mọ́ rẹ́ ẹ padà. Ẹ fi nǹkan tó mú kan ìdí àwọn igi àjà, bó bá wọlé bí ẹni kan búrẹ́dì, ikán ti dé ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lókè títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ti ilé búlọ́ọ̀kù tí àwọn ọmọ ń sọ, kí wọ́n kọ́ ọ sí ẹ̀yìnkùlé bí àyè bá wà. Kí wọ́n tó ra búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, màá mú kọ́kọ́rọ́ mi dání."